Kámẹ́rà wo ló dáa fún fọ́tò ilé ojoojúmọ́, tí owó rẹ̀ ò ga jù?

Ìyá Ìbejì béèrè:

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ọ̀gá wa. Mo fẹ́ ra kámẹ́rà fún fọ́tò ilé: àwọn ọmọ, àwọn òbí àgbà, ọjọ́ ìbí, eré inú yàrá àti eré ìta. Mi ò fẹ́ fi pawó. Owó ọwọ́ mi ju ti kámẹ́rà tó kéré jù lọ, kò sì tó ti àwọn tó ń fi fọ́tò yíyà jẹun. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ó wà láàrin.

Fóònù ń ṣe dáadáa lójúmọmọ. Bó bá ti di alẹ́, tó ku iná yàrá nìkan, ojú ọmọ tó ń sáré kì í mọ́ mọ́. Yálà kó rí bàìbàì, tàbí kí fóònù fi agídí pa á dán títí irun ìpéǹpéjú gan-an á fi pòórá.

Ṣé DSLR (kámẹ́rà tó ní dígí nínú) àlòkù ni kí n rà, àbí mirrorless (èyí tí kò ní dígí nínú) tuntun, àbí kámẹ́rà kékeré tí lẹ́ǹsì rẹ̀ kì í yọ? Ṣé megapixel tó pọ̀ ni kí n máa wá kiri? Ṣé full frame pọn dandan? Lẹ́ǹsì tó bá kámẹ́rà wá nínú páálí ńkọ́, ṣé ó tó, àbí owó mìíràn ṣì wà níwájú? Ẹ jọ̀ọ́, màmá àgbà náà á máa lò ó o, wọn ò sì fẹ́ wàhálà bọ́tìnì púpọ̀.

Ayàwòrán Ilé fèsì:

Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ, Ìyá Ìbejì. Kí n tó dárúkọ kámẹ́rà kankan, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun tó ń ba fọ́tò yẹn jẹ́, torí òun ló máa sọ ibi tó yẹ kí owó lọ.

Ìmọ́lẹ̀ inú yàrá lálẹ́ kéré gan-an ju bí ojú wa ṣe rò lọ. Kí fọ́tò má baà ṣókùnkùn, kámẹ́rà á jẹ́ kí ṣọ́tà, ìyẹn ilẹ̀kùn tó ń gba ìmọ́lẹ̀ wọlé, ṣí pẹ́. Ẹ wá wo ọmọ tó ń sáré díẹ̀díẹ̀, tó ń lọ mítà 2 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí ṣọ́tà bá ṣí fún 1/60 ìṣẹ́jú-àáyá, ọmọ yẹn á ti sún ju sẹ̀ǹtímítà 3 lọ kó tó padé, imú àti ojú á ti wọnú ara wọn. Ní 1/500, mílímítà 4 péré ló sún, ojú á sì mọ́ ketekete. Ohun tí mo máa ń ní kí àwọn èèyàn dì mú nìyí: 1/125 fún ẹni tó jókòó tó ń sọ̀rọ̀, 1/250 fún ọmọ tó ń ṣeré lójú kan, 1/500 sókè fún eré sísá àti fífò.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í. Wọ́n á ní kámẹ́rà yìí ní ohun tó ń mú un dúró sójú kan bí ọwọ́ bá ń gbọ̀n. Ó dáa, ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹni tó ń ya fọ́tò ló ń bá wí. Kò lè dá ọmọ tó ń sáré dúró. Ṣọ́tà tó yára nìkan ló lè ṣe ìyẹn.

Kí ṣọ́tà tó lè yára nínú yàrá, ọ̀kan nínú méjì gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀: kí ojú lẹ́ǹsì fẹ̀, tàbí kí ISO, ìyẹn bí kámẹ́rà ṣe ń gbé ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ ga sí i, lọ sókè. ISO tó ga jù ló ń jẹ́ kí fọ́tò máa ṣe tótòtó, kí àwọ̀ sì ṣá. Nọ́ńbà f ló ń sọ bí ojú lẹ́ǹsì ṣe fẹ̀ tó, bó bá ṣe kéré sí ni ojú lẹ́ǹsì ṣe fẹ̀ sí. Lẹ́ǹsì inú páálí, bíi 18-55 mm tàbí 16-50 mm (nọ́ńbà mm ló ń sọ bí lẹ́ǹsì ṣe ń fa nǹkan sún mọ́ tó), máa ń bẹ̀rẹ̀ láti f/3.5 níbi tó ti ń rí gbogbo yàrá. Bí ẹ bá ti fi súùmù fa ojú ọmọ wá sítòsí, ó ti di f/5.6, ti àwọn mìíràn tiẹ̀ ń dé f/6.3. Lẹ́ǹsì kékeré tí kò ní súùmù, tó jẹ́ f/1.8, ń gba ìmọ́lẹ̀ wọlé ní nǹkan bí ìlọ́po 10 ju f/5.6 lọ. Nínú yàrá kan náà, pẹ̀lú ṣọ́tà kan náà, ibi tí lẹ́ǹsì páálí ti ń béèrè ISO 12800, bíi ISO 1250 tó f/1.8. Ẹ kò ní rí ìyàtọ̀ tó tó bẹ́ẹ̀ láàrin kámẹ́rà olówó kékeré àti olówó ńlá.

Torí náà, ìmọ̀ràn mi ni pé kẹ́ ẹ ra kámẹ́rà tó rẹlẹ̀ díẹ̀ sí èyí tí owó yín ká, kẹ́ ẹ sì fi ìyókù ra lẹ́ǹsì f/1.8 kan. Bí owó bá jẹ́ 100, kí kámẹ́rà àti lẹ́ǹsì páálí gbà tó 60 tàbí 65, kí lẹ́ǹsì kékeré yẹn gba 20 sí 25, kí ìyókù lọ sórí káàdì, bátìrì kejì àti àpò. Ẹni tó bá ná gbogbo owó tán sórí kámẹ́rà, fọ́tò alẹ́ rẹ̀ kò ní yàtọ̀ tó bó ṣe ń retí.

Ní ti sẹ́ńsọ̀, ohun inú kámẹ́rà tó ń sọ ìmọ́lẹ̀ di fọ́tò: full frame jẹ́ mílímítà 36×24, APS-C jẹ́ nǹkan bíi 23.5×15.6 (ti Canon kéré sí i díẹ̀, 22.3×14.9), èyí tí wọ́n ń pè ní 1-inch sì jẹ́ 13.2×8.8. APS-C fẹ̀ ní ìlọ́po 3 ju 1-inch lọ. Full frame fẹ̀ ju APS-C lọ ní ìlọ́po 2 àti díẹ̀, ṣùgbọ́n lẹ́ǹsì rẹ̀ wúwo, ó sì wọ́n. Fún fọ́tò ilé, APS-C ti tó, ó sì ṣẹ́kù.

Ẹ má jẹ́ kí megapixel gba owó lọ́wọ́ yín rárá. Bí ẹ bá fẹ́ tẹ fọ́tò oníwọ̀n 10×15 sẹ̀ǹtímítà jáde kó mọ́ dáadáa, megapixel 2 àti díẹ̀ ti tó. 24 megapixel, ìyẹn 6000×4000, lè di fọ́tò ara ògiri tó fẹ̀ tó 50×33 sẹ̀ǹtímítà láìsí àbùkù. Kò sí kámẹ́rà òde òní tó yẹ kẹ́ ẹ gbé yẹ̀ wò tí kò ní tó 20.

Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ sanwó fún ni fókọ́ọ̀sì tó ń wá ojú èèyàn fúnra rẹ̀, tó sì ń tẹ̀ lé e bó bá ń rìn. Òun ló máa gba màmá àgbà lọ́wọ́ wàhálà: wọ́n á kàn dojú kámẹ́rà kọ ọmọ, ẹyinjú ọmọ ni kámẹ́rà á mú. Lára mirrorless tí owó wọn wà láàrin, tí wọ́n sì ní èyí, ni Canon EOS R50 (2023, megapixel 24.2), Nikon Z50 (2019, megapixel 20.9) àti Z50II tó tẹ̀ lé e ní 2024, pẹ̀lú Sony a6400 (2019, megapixel 24.2). Kò sí èyí tó máa já yín kulẹ̀ nínú wọn. Ẹ di ọ̀kọ̀ọ̀kan mú kẹ́ ẹ tó rà, kí ìka yín dé orí bọ́tìnì láìtiraka. Kẹ́ ẹ wo iye tí lẹ́ǹsì f/1.8 tirẹ̀ jẹ́ pẹ̀lú, torí kámẹ́rà kan lè gbówó díẹ̀ kí lẹ́ǹsì rẹ̀ gbówó gọbọi.

Canon R100 náà wà, ó dín lówó sí R50, ṣùgbọ́n ojú sikirínì rẹ̀ kò gba ìfọwọ́kàn, kò sì ń yí. Fún ẹni tó ti mọ́ fóònù lára, tó fẹ́ fi ìka kan ojú ọmọ kí fókọ́ọ̀sì lọ síbẹ̀, ó máa ká a lára.

Bàbá Àlòkù fèsì:

Ọ̀rọ̀ lẹ́ǹsì tí Ayàwòrán Ilé sọ, òótọ́ pọ́nńbélé ni. Ṣùgbọ́n ẹ má tíì ta DSLR nù. Owó tó ra mirrorless tuntun pẹ̀lú lẹ́ǹsì páálí lè ra DSLR àlòkù tó mọ́, lẹ́ǹsì f/1.8 àti fláàṣì orí, kó tún ṣẹ́ kù. Nikon D3500 (2018) ń ya fọ́tò 1550 lórí bátìrì kan gẹ́gẹ́ bí ìwọ̀n CIPA (ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣe kámẹ́rà), nígbà tó jẹ́ pé púpọ̀ nínú mirrorless oníwọ̀n yìí kì í fi bẹ́ẹ̀ ju 300 sí 400 lọ. Lẹ́ǹsì Nikon AF-S DX 35mm f/1.8G ti wà láti 2009, ó pọ̀ lọ́jà àlòkù, kì í wọ́n.

Ibi tó kù sí nìyí. DSLR fẹ́ kéèyàn gbé e sójú kó sì wo inú ihò rẹ̀. Bí ẹ bá ń wo sikirínì ẹ̀yìn D3500 bí ẹni ń wo fóònù, fókọ́ọ̀sì á máa lọ á máa bọ̀, ọmọ á ti sá lọ. Canon 250D (2019) sàn jù ú lọ dáadáa lórí sikirínì. Àmì fókọ́ọ̀sì inú ihò náà kò pọ̀, 11 lórí D3500, 9 lórí 250D, àárín ni gbogbo wọn sì kó jọ sí. Kámẹ́rà kò mọ èwo ni ojú ọmọ bí ẹ bá ń wò ó láti inú ihò, ẹ̀yin lẹ máa fi àmì sí i. Bí màmá àgbà bá máa lò ó lóòótọ́, mirrorless ló yẹ wọ́n, mi ò ní parọ́.

Bí ẹ bá ra D3500, ẹ ṣọ́ lẹ́ǹsì. Kò ní mọ́tò fókọ́ọ̀sì nínú ara rẹ̀. Lẹ́ǹsì Nikon tí wọ́n kọ AF tàbí AF-D sí á wọlé, á sì ya fọ́tò, ṣùgbọ́n ọwọ́ lẹ máa fi yí fókọ́ọ̀sì. AF-S tàbí AF-P ni kẹ́ ẹ wá.

Àlòkù yòówù kẹ́ ẹ rà, ẹ má sanwó kẹ́ ẹ tó ṣe àyẹ̀wò. Ẹ mú káàdì tiyín lọ́wọ́, àti fóònù tó ní tọ́ọ̀ṣì.

Lẹ́ǹsì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò. Ẹ yọ ọ́ kúrò lára kámẹ́rà, ẹ ṣí ojú rẹ̀ sílẹ̀ pátápátá, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì láti ẹ̀yìn, kẹ́ ẹ wá máa yí i díẹ̀díẹ̀ bẹ́ ẹ ti ń wò ó láti iwájú. Eruku wóróworo díẹ̀ kò ṣe nǹkan kan. Ohun tí ẹ ń wá ni okùn wẹ́wẹ́ funfun tó ta ẹ̀ka bí òwú aláǹtakùn: lẹ́ǹsì yẹn ti bu nìyẹn. Ọ̀rinrin ló ń fà á, bó bá sì pẹ́, ó máa ń jẹ ohun tí wọ́n fi pa ojú gíláàsì, nínù kò ní mú un padà. Ẹ fi sílẹ̀, bó ti wù kó pọ́ọ́kú tó. Bó bá jẹ́ ìkùukùu fẹ́lẹ́ ló bo gbogbo gíláàsì inú, fọ́tò tó bá kojú ìmọ́lẹ̀ á máa funfun ràgàjì. Ojú ibi kékeré tí nǹkan ti ha lórí gíláàsì iwájú kì í sábà hàn nínú fọ́tò. Ti gíláàsì ẹ̀yìn, tó sún mọ́ sẹ́ńsọ̀, ló ń hàn.

Lẹ́yìn náà, sẹ́ńsọ̀. Ẹ gbé ojú lẹ́ǹsì sí f/16, ISO 100, ẹ ya ògiri funfun tàbí ojú ọ̀run tí kò ní ìkùukùu, kí fókọ́ọ̀sì má ṣe wà lórí ohunkóhun. Ẹ wá fi súùmù wo fọ́tò yẹn lórí sikirínì láti igun dé igun. Àmì dúdú rúbútú jẹ́ eruku, ó ṣeé nù. Ìlà gígùn tín-ín-rín tí kì í kúrò lójú kan jẹ́ ojú ibi tí nǹkan ti ha á, kò ní àtúnṣe tó rọrùn.

Fókọ́ọ̀sì DSLR lè máa ṣìnà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀. Ẹ tẹ́ ìwé ìròyìn sórí tábìlì, ẹ dúró kẹ́ ẹ máa wò ó ní ìdagẹ̀ẹ̀rẹ̀, ẹ ṣí ojú lẹ́ǹsì tó bó ṣe lè fẹ̀ mọ, kẹ́ ẹ fi àmì àárín mú ìlà kan pàtó. Ẹ ya á ní ìgbà mélòó kan. Bó bá jẹ́ ìlà iwájú tàbí ti ẹ̀yìn ló ń mọ́ nígbà gbogbo, lẹ́ǹsì àti kámẹ́rà yẹn kò bára mu. Kò sí ibi tí ẹ ti lè tún un tò lórí D3500.

Iye ìgbà tí ṣọ́tà ti ṣí: ọ̀pọ̀ nínú àwọn kámẹ́rà oníwọ̀n yìí, 100,000 ni wọ́n dán ṣọ́tà wọn wò dé. Nikon ń kọ iye yẹn sínú fáìlì fọ́tò (JPEG) fúnra rẹ̀. Ẹ ya fọ́tò kan, ẹ fi ètò ExifTool ṣí i lórí kọ̀ǹpútà, ẹ ó rí i níbẹ̀. Èyí tó wà lábẹ́ 30,000 ṣì jẹ́ ọmọdé. Ti Canon kì í sábà hàn báyìí, ẹ máa nílò okùn USB àti ètò mìíràn.

Ẹ wo irin inú ihò káàdì bóyá ọ̀kan ti tẹ̀, ẹ wo ilẹ̀kùn bátìrì, ibi tí wọ́n ń ki fláàṣì bọ̀ lórí bóyá ó ti dípàtà, kẹ́ ẹ tẹ gbogbo bọ́tìnì. Mirrorless tí sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ ń fò lójú kan láti bá ọwọ́ gbígbọ̀n jà máa ń dún kókókó bẹ́ ẹ bá mì ín nígbà tó wà ní pípa. Ìyẹn kì í ṣe àbùkù, ẹ má sá fún un.

Àpò Fúyẹ́ fèsì:

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ forí jì mí, ẹ ti gbàgbé ìwúwo. Kámẹ́rà tó bá wúwo, inú kọ́bọ́ọ̀dù ló máa ń sùn.

RX100 III ti Sony (2014) ní sẹ́ńsọ̀ 1-inch, lẹ́ǹsì rẹ̀ jẹ́ f/1.8 sí f/2.8, ó sì ń wọ àpò aṣọ. Bí a bá ṣírò ìwọ̀n sẹ́ńsọ̀ mọ́ ọn, f/1.8 tirẹ̀ ń ṣiṣẹ́ bí f/3.2 lórí APS-C. Ìyẹn ni pé ó fẹ̀ ju lẹ́ǹsì inú páálí APS-C lọ! Ẹni tí kò bá ní ra lẹ́ǹsì kejì láé, kámẹ́rà kékeré bẹ́ẹ̀ kò ní fi í ṣe ẹlẹ́yà. Àléébù rẹ̀ ni pé lẹ́ǹsì kì í yọ. Bí eruku bá wọnú rẹ̀, àfi kí wọ́n tú u. Bí iyanrìn bá há sí ibi tí lẹ́ǹsì ti ń yọ jáde tó ń wọlé, mọ́tò rẹ̀ lè kọ̀. Ẹ má gbé e lọ sí etí òkun láìní àpò.

Micro Four Thirds, irú mirrorless mìíràn, wà láàrin 1-inch àti APS-C, sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ jẹ́ mílímítà 17.3×13. Olympus àti Panasonic ló jọ dá a sílẹ̀ ní 2008, lẹ́ǹsì ti ẹnì kíní ń wọ ti ẹnì kejì. Olympus E-M10 Mark IV (2020) pẹ̀lú Panasonic 25mm f/1.7 fúyẹ́ gan-an.

Ayàwòrán Ilé fèsì:

Mo fara mọ́ ti ìwúwo, Àpò Fúyẹ́, àti ìṣirò f yẹn. Ṣùgbọ́n E-M10 Mark IV kọ́ ni mo máa fi lé ọmọ tó ń sáré. Irú fókọ́ọ̀sì tó ń lò máa ń wá iwájú wá ẹ̀yìn kó tó balẹ̀. Fún ẹni tó jókòó, ó dára púpọ̀. Fún ìbejì tó ń lé ara wọn kiri yàrá, á máa pẹ́ jù.

Ìyá Ìbejì fèsì:

Ẹ ṣeun gan-an, Olúwa á máa bù sí ìmọ̀ yín. Ọkàn mi ti ń lọ sí mirrorless pẹ̀lú lẹ́ǹsì kékeré kan. Àwọn kan ní 50 mm ni kí n rà torí pé ó pọ́ọ́kú jù, àwọn kan ní 35 mm. Pálọ̀ wa kò tóbi o.

Ìkejì: ògiri wa funfun, àwọ̀ ara wa sì dúdú. Nínú fóònù, ògiri á mọ́ rekete, ojú èèyàn á wá ṣókùnkùn. Ṣé kámẹ́rà máa ṣe bẹ́ẹ̀ náà? Ìkẹta: ìlà dúdú máa ń gba inú fọ́tò kọjá nígbà mìíràn lábẹ́ iná LED. Kí ló fà á?

Ayàwòrán Ilé fèsì:

Ẹ jẹ́ ká wọn pálọ̀ yín. Lórí APS-C, kí ẹ tó lè rí àga tó fẹ̀ tó mítà 2 láti ìkángun dé ìkángun, 35 mm ń béèrè kẹ́ ẹ dúró ní mítà 3 sí i, 50 mm ń béèrè ju mítà 4 lọ. Àgbàlagbà tó dúró, láti orí dé ẹsẹ̀, tí ẹ dá kámẹ́rà sí òró: mítà 2.5 fún 35 mm, mítà 3.6 fún 50 mm. Bí ẹ̀yìn yín bá máa kan ògiri kẹ́ ẹ tó rí gbogbo èèyàn, lẹ́ǹsì yẹn ti gùn jù. Nínú pálọ̀ kékeré, 35 mm ni, tàbí 30 mm bíi Sigma 30mm f/1.4 DC DN. Ẹ fi 50 mm sílẹ̀ fún ojú nìkan àti fún ìta. Lẹ́ǹsì páálí ṣì wúlò fún ọjọ́ tí gbogbo ẹbí bá pé, torí 16 mm á rí àga mítà 2 yẹn láti bíi mítà 1.4.

Ẹ má ya gbogbo nǹkan ní f/1.8 ṣáá. Pẹ̀lú 35 mm, láti mítà 2, ibi tó máa mọ́ láti iwájú dé ẹ̀yìn kò ju sẹ̀ǹtímítà 23 lọ. Ọmọ kan tó wà níwájú ìyá rẹ̀ lórí ẹsẹ̀, ojú ọmọ á mọ́, ti ìyá á bàìbàì. Fún èèyàn méjì mẹ́ta, ẹ lọ sí f/4, ẹ ó ní bíi sẹ̀ǹtímítà 50, kẹ́ ẹ sì ní kí wọ́n tò sórí ìlà kan.

Ọ̀rọ̀ ògiri funfun: kámẹ́rà kò mọ̀ pé ògiri funfun ni. Bí ohun tó wà níwájú rẹ̀ bá mọ́lẹ̀ jù, ó rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, ó sì ń fà á sílẹ̀ títí gbogbo rẹ̀ á fi wà láàrin, kò funfun, kò dúdú. Ojú aláwọ̀ dúdú ló ń jìyà rẹ̀. Gbogbo kámẹ́rà ló ní bọ́tìnì tàbí róòlù tí wọ́n kọ +/− sí. Níwájú ògiri funfun tàbí aṣọ funfun, ẹ gbé e sí +2/3 tàbí +1. Bí ẹ̀yìn bá dúdú, bíi aṣọ ìkélé dúdú, ẹ fà á sí −1/3 tàbí −2/3, torí ibẹ̀ ló ti ń sọ ojú di funfun jù. Ẹ máa wo ibi tó ń dán níwájú orí àti lórí imú: bó bá ti di funfun gbòò láìsí àwọ̀ ara níbẹ̀ mọ́, ẹ ti gbé e jù.

Ojú fèrèsé ló dára jù fún àwọ̀ wa. Ẹ gbé ẹni náà sí bíi mítà 1 sí fèrèsé, kó dá ojú sí i ní ìgbẹ̀gbẹ́, kì í ṣe tààrà, kẹ́ ẹ wá pa iná òkè. Ìmọ́lẹ̀ ojúmọ́ jẹ́ nǹkan bí 5500 K (K ni wọ́n fi ń wọn àwọ̀ ìmọ́lẹ̀), gílóòbù aláwọ̀ ìyeyè jẹ́ bíi 2700 K. Bí méjèèjì bá pàdé lójú ẹnì kan, ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan á máa ṣe búlúù, ìkejì á máa ṣe ọsàn, kò sì sí ètò tó lè tún méjèèjì ṣe lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìlà dúdú: iná LED kan ń ṣẹ́jú ní ìgbà 100 nínú ìṣẹ́jú-àáyá níbi tí iná mànàmáná jẹ́ 50 Hz, ìgbà 120 níbi tó jẹ́ 60 Hz. Ojú wa kò rí i. Ṣọ́tà tí kì í dún, tó ń ka sẹ́ńsọ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀ ní ìlà kọ̀ọ̀kan, ń rí i. Ẹ pa ṣọ́tà aláìdún yẹn, ẹ lo èyí tó ń dún. Bó bá ṣì kù, ẹ tan ohun tó ń dènà iná tó ń ṣẹ́jú (Anti-flicker) nínú mẹ́nù bó bá wà níbẹ̀, tàbí kẹ́ ẹ dúró lórí 1/100 fún 50 Hz, 1/125 fún 60 Hz.

Bí ẹ ṣe máa tò ó fún màmá àgbà rèé, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lẹ máa ṣe é: ẹ gbé róòlù òkè sí A (Av lórí Canon), f/2.8, ISO Auto, kẹ́ ẹ ní kí ISO má ju 6400 lọ. Ẹ wọ inú mẹ́nù ISO Auto yẹn, lórí ọ̀pọ̀ kámẹ́rà ẹ ó rí ibi tí wọ́n ti ń yan ṣọ́tà tó lọ́ra jù tó lè lò. Ẹ fi 1/250 síbẹ̀. Ibi tí wọ́n ń fojú fò jù nìyẹn, ibẹ̀ sì ni gbogbo iṣẹ́ náà wà. Ẹ tan fókọ́ọ̀sì ojú èèyàn, ẹ gbé fókọ́ọ̀sì sí èyí tó ń tẹ̀ lé nǹkan láìdúró (AF-C, tàbí Servo lórí Canon). Ó parí. Bọ́tìnì fọ́tò nìkan ni wọ́n máa tẹ̀.

Bí òkùnkùn bá pọ̀ ju ìyẹn lọ, fláàṣì tó ń yí orí ni, kì í ṣe èyí tó wà lára kámẹ́rà. Èyí tó wà lára ń tan ìmọ́lẹ̀ sójú tààrà, ó ń sọ ẹyinjú di pupa, ó sì ń ju òjìji sára ògiri. Ẹ dojú fláàṣì kọ àjà funfun, ìmọ́lẹ̀ á padà wá sílẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ISO 800, f/4, 1/160. Bí àjà bá ní àwọ̀, àwọ̀ yẹn á wá sójú yín. Kẹ́ ẹ béèrè kẹ́ ẹ tó rà á bóyá ó bá orí kámẹ́rà yín mu, torí irin orí àwọn kan lára tuntun ti yàtọ̀ sí ti àtijọ́.

Olùtọ́jú Fọ́tò fèsì:

Ẹ jẹ́ kí n fi ti káàdì kún un. SD 64 GB tó ní àmì V30 tàbí U3 (àmì bó ṣe yára tó) ti tó. JPEG kan láti megapixel 24 sábà máa ń jẹ́ bíi 10 MB, nítorí náà ó máa gbà tó 6000. Ẹ ra méjì dípò 128 GB kan, kí gbogbo rẹ̀ má baà bá káàdì kan lọ. Káàdì ayédèrú pọ̀: ó á kọ 64 GB sára, inú rẹ̀ lè má tó ìlàjì, ẹ kò sì ní mọ̀ títí yóò fi kún tí fọ́tò á bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́. Ẹ fi ètò H2testw dán an wò lórí Windows, tàbí F3 lórí Mac àti Linux, lọ́jọ́ tí ẹ bá rà á gan-an.

Bí bátìrì kejì bá jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ mìíràn, ẹ má fi í sílẹ̀ nínú kámẹ́rà tí ẹ kò lò fún oṣù mélòó kan. Bó bá wú, yíyọ rẹ̀ máa ń ba ihò bátìrì jẹ́.

Fún lẹ́ǹsì, kó má bu: ẹ fi sílíkà jẹ́ẹ̀lì sínú àpótí oníke tó pa dé dáadáa, kí ọ̀rinrin inú rẹ̀ wà láàrin 40 sí 50 nínú ọgọ́rùn-ún. Awọ dára fún àpò, kò dára fún ibi ìpamọ́, ọ̀rinrin ń dúró sí i lára.

Lórí fọ́tò fúnra rẹ̀, ẹ ní ẹ̀dà mẹ́ta: ọ̀kan lórí kọ̀ǹpútà, ọ̀kan lórí dísìkì ìta, ọ̀kan níbi tí kì í ṣe ilé yín. Ẹ má fi fóònù pa fọ́tò inú káàdì rẹ́. Ẹ kó o sí kọ̀ǹpútà àti dísìkì, ẹ ṣí díẹ̀ nínú ẹ̀dà kejì wò bóyá ó ń ṣí, kẹ́ ẹ tó dá káàdì padà sínú kámẹ́rà, kẹ́ ẹ sì ṣe Format níbẹ̀.